Okun o, Ọ̀rẹ́ Mi

Ní Kàbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà, "okun" tá a fi ń kí ẹni tó ti oko dé náà la fi ń bá aláìsàn kẹ́dùn. Ṣé ọ̀rọ̀ ló wọ́n wa ni? Rárá o. Lójú tèmi, kò yẹ ká ya aláìsàn sọ́tọ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan, ìrora á wọ eegun. Òtútù àti òùngbẹ lè ru ú sókè. Nígbà tó dá a dùbúlẹ̀, mo ń sá fún un. Mo ní mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Irọ́ ni jàre, ẹ̀rù ló ń bà mí.

Nígbà tí mo wá lọ, "pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́" ni mo ń wí ṣáá. Ó ní, "Jọ̀ọ́, bu omi fún mi, kó o sì san igba náírà mi." La bá bú sẹ́rìn-ín.

Àṣé àánú nìkan lè sọ èèyàn di àìsàn rẹ̀. Ọ̀rẹ́ kì í wo àrùn sàn, iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Tiwa ni omi, aṣọ òtútù, nóòtì tá a bá a kọ, àti gbèsè tá a ṣì jọ ń jà lé lórí. Ká má ṣe bí ẹni pé ara rẹ̀ le, ká má sì jẹ́ kí àìsàn gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ tìẹ náà lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì lónìí. Dìde, lọ kí i: okun o.