Ta Ni Ó Ṣe Ojú Irin?

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ta ni ó ṣe ojú irin tí ó ti Èkó wọ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1901. Gbogbo wọn dáhùn pé, "Òyìnbó ni." N kò bá wọn wí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà. Síbẹ̀, ìdáhùn náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé ẹlòmíràn kí a tó wo tiwa. Ní ọdún 1901 kan náà, ní oṣù Disẹ́ńbà, ojú irin dé Kisumu, ibùdó kékeré kan létí adágún Victoria, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn Luo àti aládùúgbò wọn ti ń ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà. Láti Mombasa, létí òkun, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896. Ojú irin náà sì ju 900 kìlómítà lọ. Nígbà tí ó dé etí omi, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Port Florence. Florence ni orúkọ ìyàwó Ronald Preston, ẹnjiníà tí ó ṣe alábòójútó títẹ́ irin náà.

N kò ní ìjà pẹ̀lú Florence. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n wo ilé? Nǹkan bí 32,000 òṣìṣẹ́ ni wọ́n kó wá láti Íńdíà. Nǹkan bí 2,500 nínú wọn ni ó kú sẹ́nu iṣẹ́ náà: àìsàn pa òmíràn, ìjàǹbá pa òmíràn, kìnnìún sì pa àwọn kan jẹ ní Tsavo ní ọdún 1898. Bí a bá pín òkú náà sí ojú ọ̀nà, ó ju ẹni méjì lọ fún kìlómítà kan.

Ẹnì kan lè sọ pé wọ́n kúkú gba owó wọn. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń san iṣẹ́. A kì í fi í san ìrántí.

Ìbéèrè tí ó le jù bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn Nandi, tí ojú irin náà gba ilẹ̀ wọn kọjá, jagun títí di ọdún 1905, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa olórí wọn, Koitalel arap Samoei, níbi tí wọ́n pè é sí fún ọ̀rọ̀ àlàáfíà. Ṣé ó yẹ kí a ní kí ọmọ Nandi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn lébìrà? Ní tèmi, kò yẹ. Ṣùgbọ́n kí a rántí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí kí a yin ẹni tí ó rán an níṣẹ́. Ìtàn tí ó bá jẹ́ ti ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ gba ẹni tí ó fi ọwọ́ tẹ́ irin àti ẹni tí wọ́n tẹ́ irin sí nílẹ̀.

Kisumu ti gba orúkọ rẹ̀ padà tipẹ́. Àwa ń kọ́? Ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá ni ó gbẹ́ ilẹ̀ ojú irin tiwa, tí ó sì ru igi àti irin rẹ̀, ṣùgbọ́n òyìnbó ni àwọn ọmọ wa dárúkọ. Nísinsìnyí, kí n tó kọ́ kíláàsì mi ní ẹ̀kọ́ náà, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn léèrè. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.