Ṣé Ohun Tó Wù Wá Lè Di Gbèsè Lọ́rùn Ẹlòmíràn?

Bí Nintendo bá ti kéde pé Nintendo Direct ń bọ̀, ìyẹn fídíò tí wọ́n fi máa ń fi àwọn géèmù tó ń bọ̀ lọ́nà han aráyé, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún àwa olólùfẹ́ nìyẹn. Kálukú á máa to lísìtì tirẹ̀: èyí ni mo fẹ́, èyí ni kò gbọdọ̀ má sí níbẹ̀, èyí ló ti yẹ kí wọ́n ṣe tipẹ́tipẹ́. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Ta ni nǹkan kì í wù? Àmọ́ ẹ wo bí ọ̀rọ̀ wa ṣe ń yí padà nígbà tí fídíò bá parí tí a ò rí ohun tí a kọ. A kì í sọ pé "ó wù wá ni" mọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé "wọ́n rẹ́ wa jẹ." Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: ìgbà wo gan-an ni "ó wù mí" di "ẹ jẹ mí ní gbèsè"?

Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀dọ̀ télọ̀ kọjá ná. Bí a bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí agbádá tó fi kọ́ síta wù wá, kò jẹ wá ní kọ́bọ̀. Bó bá pè wá wọlé, tó ní òun á rán irú rẹ̀ fún wa kí Iléyá tó dé, ó ti ṣèlérí nìyẹn. Bí a bá wá kó aṣọ àti owó lé e lọ́wọ́, ó di gbèsè, a sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ jókòó tì í bí ọdún bá ku ọ̀la. Ìfẹ́ ọkàn, ìlérí, gbèsè: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìgbà tí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni inú máa ń bí wa kọjá ààlà.

Ẹ wo Mother 3. Ó jáde ní Japan lọ́dún 2006, fún ẹ̀rọ Game Boy Advance. Títí di òní, Nintendo kò tíì ta ẹ̀dà rẹ̀ tó wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ìgbà gbogbo ló máa ń wà nínú lísìtì àwọn olólùfẹ́. Ìfẹ́ ọkàn lásán lèyí. Kò sẹ́ni tó ti sanwó ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wá jẹ owó rẹ̀. Kí ni àwọn olólùfẹ́ kan ṣe? Lọ́dún 2008, àwọn fúnra wọn túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lè bá wọn jiyàn lórí òfin, àmọ́ ohun tó wù wọ́n, wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn ni.

Ti Metroid Prime 4 yàtọ̀. Nintendo fúnra rẹ̀ ló kéde rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2017, orúkọ géèmù náà nìkan la sì rí. Ẹyin lohùn. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Shinya Takahashi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá Nintendo, jáde nínú fídíò, ó ní iṣẹ́ náà kò tíì dé ojú ìwọ̀n tí àwọn ń fẹ́, pé àwọn máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Retro Studios ní Texas. Oṣù kejìlá ọdún 2025 ni géèmù náà tó jáde. Ó pẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ṣèlérí, tí kò rí i ṣe lásìkò, tó sì jáde wá sọ òótọ́, kò rẹ́ni jẹ.

Gbèsè wá ńkọ́? Lọ́dún 2014, Team Cherry, àwọn èèyàn díẹ̀ kan ní Australia, lọ sórí Kickstarter, níbi tí aráyé ti ń dá owó fún iṣẹ́ tí kò tíì sí. Lára ohun tí wọ́n ṣèlérí nínú Hollow Knight ni pé a máa lè fi ẹ̀dá kejì ta géèmù náà. Ìlérí yẹn ló dàgbà tó di Silksong, tí wọ́n kéde lọ́dún 2019, tó sì jáde ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Àwọn tó dá owó lọ́dún 2014 lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pariwo kò dá kọ́bọ̀.

Kódà, gbèsè ní ààlà. CD Projekt Red ní Poland gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn ṣáájú kí Cyberpunk 2077 tó jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n sún un síwájú, láti ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré! Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í halẹ̀ mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ pé àwọn máa pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ní kí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn máa fi ọjọ́ mẹ́fà ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀. Nígbà tí géèmù náà jáde, ó bàjẹ́ débi pé Sony yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, wọ́n sì ń dá owó padà. Dídá owó padà tọ́, gbèsè ni. Àmọ́ ta ló san owó fún oorun ẹlòmíràn? Ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn, òun náà kò ní fojú kan oorun: kíkánjú wọn àti ariwo wa, géèmù tí kò jinná ló bí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi tún un ṣe. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ọjọ́ tí Nintendo Switch 2 jáde gan-an, Cyberpunk wà lára àwọn géèmù tó bá a jáde.

Ẹnìkan á ní, "Ṣebí owó wa ló sọ wọ́n dolówó? Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, ẹ yéé gbèjà wọn." Ààbọ̀ òótọ́ nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè rẹ́ni jẹ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká wo ọrùn ẹni tó fẹ́ fún wa láṣọ ká tó sanwó sílẹ̀, ká sì sọ ọ́ síta bí iṣẹ́ kò bá dáa. Àmọ́ owó géèmù àná, géèmù àná la fi rà. A ti gbà á, a ti ta á. Kò ra èyí tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Bákan náà, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló ń ka èébú wa lóru. Ẹni tó ya igi àti òkè inú géèmù náà ló ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká máa to lísìtì wa lọ o, kó gùn bó ṣe wù ú. Àmọ́ kí inú tó bí wa, ká béèrè: ta ló ṣèlérí? Owó ta ni wọ́n gbà? Ṣé wọ́n sọ òótọ́ fún wa nígbà tí kò ṣeé ṣe? Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Bí a bá sì fẹ́ràn géèmù kan débi pé a lè dúró dè é fún ọdún mẹ́jọ, ó yẹ ká lè fi oorun àwọn tó ń ṣe é kún lísìtì wa.