ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́ ÀBÁMẸ́TA: TA LÓ Ń ṢIṢẸ́ KÍ Ẹ LÈ SINMI?

*Ẹ ka: Deutarónómì 5:12-15, Jákọ́bù 5:4*

  

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò fẹ́ jáde lónìí. Ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì ti lù bí ẹni lu bàrà láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń jí lọ pàdé àwọn apẹja létí òkun, ẹni tó ń dúró sídìí ọjà ní Agbalata, gbogbo wọn ló fẹ́ na ẹsẹ̀ nílé. Ẹ ti ra fíìmù tuntun, ẹ fẹ́ tan tẹlifíṣọ̀n kí gbogbo ilé jókòó wò ó. Bí iná bá wà, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá sí, ẹ ti ra epo jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Nígbà tí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn àpọ́sítélì débi pé wọn ò ráyè jẹun, Jésù fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wá síbi tó dákẹ́, kí wọ́n sinmi díẹ̀. Ara èèyàn kì í ṣe irin. Irin gan-an ń gbó. Ẹ sinmi, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bá àwọn ọmọ yín ṣeré.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ gbé dání lónìí: *ta ló ń ṣiṣẹ́ kí ẹ lè sinmi?*

Ẹ padà síbi tí a kà. Nígbà tí Ọlọ́run ń pàṣẹ ìsinmi, kò bá baálé ilé nìkan sọ̀rọ̀. Ó ka àwọn ọmọ mọ́ ọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó ka ìránṣẹ́ mọ́ ọn, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ó ka màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó tún ka àlejò tó ń gbé ní ìlú. Ó wá sọ ìdí rẹ̀. Nínú Ẹ́kísódù orí 20, dídá tó dá ayé ni Ó fi ṣe ìdí. Níbí yìí, oko ẹrú Íjíbítì ló rán wọn létí. Ẹ̀yin náà ti ṣe ẹrú rí, torí náà ẹ jẹ́ kí ìránṣẹ́ yín sinmi bí ẹ ṣe ń sinmi.

Àwa tí à ń gbé Àgbádárìgì, yálà Ẹ̀gùn yálà Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí ò yẹ kó ṣòroó yé wa. Ọjà ẹrú Vlekete wà láàárín ìlú. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà dé Gberefu, ọ̀nà oníyanrìn wà níbẹ̀ tó lọ tààrà sí etí òkun, síbi tí ẹni tí wọ́n bá mú kọjá kì í padà mọ́. Ẹ sì mọ ilé Seriki Williams Abass, ilé tó ní yàrá 40 tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Wọ́n mú ọkùnrin yìí lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì gbé e dé Brazil. Nígbà tó padà wálé, tó rọ́wọ́ mú, òun náà di oníṣòwò ẹrú. Ẹni tó mọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe wúwo tó lọ́rùn, òun ló tún ń fi í sọ́rùn ẹlòmíì.

Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi ní kí wọ́n má gbàgbé. Bí ìyà bá ti kúrò lára èèyàn, kíá ló ń gbàgbé.

Ẹ̀yin á ní, "A ò lẹ́rú nílé wa o." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ilé wa dáadáa.

Fíìmù ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wà lórí àga, àwọn ọmọ wà lórí ẹní. Màmá dà? Ó wà ní kíṣìnnì, ó ń dín ẹja. Ohùn àwọn òṣèré nìkan ló ń gbọ́. Bó bá yọjú béèrè pé, "Kí ló ṣe ìyàwó yẹn?" wọ́n á ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wá láti abúlé ńkọ́, tó ń bá yín gbé? Òun ni gbogbo ilé ń rán: gbé omi wá, sáré lọ ra búrẹ́dì, lọ wo jẹnẹrétọ̀. Kó tó padà jókòó, fíìmù ti parí. Ẹ̀yin sinmi, òun ò sinmi. Irú ìsinmi yẹn kọ́ ni Olúwa pàṣẹ.

Ẹlòmíì tún wà tí ojú yín ò rí: ẹni tó ṣe fíìmù náà. Ẹ wo _October 1_ tí Kúnlé Afọláyàn gbé jáde ní 2014. Ìgbà tí Nàìjíríà fẹ́ gba òmìnira ní 1960 ni ìtàn náà dá lé, torí náà wọ́n ní láti wá aṣọ àti ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó gbé kámẹ́rà, ẹni tó rán aṣọ, ẹni tó tan iná, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ayédèrú rẹ̀ fi kún ìgboro, tí ẹni tó ni ín fi ké gbàjarè. Bí wọ́n bá kó fíìmù mẹ́wàá sínú síídì kan, tí wọ́n ń tà á lówó tí ò tó ra àkàrà àárọ̀, ẹ bi ara yín pé ta ló ń gba owó yẹn. Ẹni tó dà á kọ ni. Ẹni tó làágùn ò rí nǹkan kan. Jákọ́bù sì sọ fún wa pé owó iṣẹ́ tí a dì mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ní ohùn, ó sì ń ké dé etí Olúwa.

Ẹnì kan á ní, "Kò sówó, ẹ jàre." Mo gbọ́, ìlú le. Ṣùgbọ́n ojúlówó kan tí gbogbo ilé jọ wò sàn ju ayédèrú mẹ́wàá lọ. Àwọn kan tún wà tó ń fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fúnra wọn. Mount Zion ti Ajíhìnrere Mike Bámilóyè, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1985, ń gbé fíìmù wọn sórí YouTube. Ìyẹn, ẹ wò ó láìbẹ̀rù.

*Iṣẹ́ òní:*
1. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pín iṣẹ́ ilé. Bàbá náà lè fọ abọ́. Bí màmá bá dìde, ẹ dá a dúró dè é.
2. Ẹ yẹ èyí tí ẹ rà wò. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ẹ má rà á mọ́.
3. Bó bá parí, ẹ má yára pa á. Ẹ jẹ́ kí orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ kọjá lójú yín, kí ẹ súre fún wọn.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tó mú wa kúrò lóko ẹrú, má jẹ́ kí a sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú nítorí ìgbádùn wa. La ojú wa sí ẹni tó rẹ̀ nínú ilé wa. Fún wa ní ìsinmi tó kárí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ kú ìsinmi o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan kí ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. A ó pàdé nílé Ọlọ́run lọ́la.