Ẹ̀tẹ̀ Kì í Yún Èèyàn

"A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá." Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí láàárín wa. Ẹni tó bá fi ọ̀ràn ńlá sílẹ̀ tó ń lé kékeré kiri la máa ń pa á fún, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ní ẹ̀tẹ̀ lára tí yóò máa wá oògùn làpálàpá kiri? Bí ọ̀rọ̀ náà bá hàn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí àwọn àgbà tún fi òwe kìlọ̀ rẹ̀?

Ara àìsàn méjèèjì ni ìdáhùn wà. Làpálàpá a máa yún èèyàn. Bó bá jókòó sí itan tàbí ẹ̀yìn ọrùn, kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún sùn lóru. Yóò máa họ ọ́, yóò sì máa dùn mọ́ ọn, títí ibẹ̀ yóò fi bó. Ẹ̀tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àbàwọ́n tó kọ́kọ́ ń yọ lára kì í yúnni, kì í sì í sábà dunni. Bí abẹ́rẹ́ bá gún ojú ibẹ̀, ẹni tó ni ara lè má mọ̀. Kòkòrò tó ń fa àìsàn náà, èyí tí dókítà Hansen, ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, rí ní 1873, iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ló ń bá jà, ìdí nìyẹn tí ìka ẹlòmíràn fi lè jóná lẹ́bàá ààrò kó tó fura. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé ohun tí ara rẹ̀ ń sọ nìkan, làpálàpá ni yóò kọ́kọ́ wò, nítorí òun ló ń pariwo. Ohun tí àwọn àgbà rí nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n pàápàá lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níhìn-ín. Ìgbà tí ẹ̀tẹ̀ kò gbóògùn ni wọ́n ti ń pa òwe yìí. Lóde òní, ó ń gbóògùn: láti 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí àpapọ̀ oògùn tí aláìsàn ń lò fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń fún un. Ẹni tó ní in kì í ṣe ẹni à ń sá fún. Àìsàn ni mo ń bá wí, n kò bá ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é wí.

Owó pàápàá ní ẹ̀tẹ̀ àti làpálàpá tirẹ̀. Ẹ wá wo ọkùnrin kan tó fẹ́ràn àwo orin àtijọ́. Irú wọn pọ̀ ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta àti l'Ékòó, wọ́n sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú. Oṣù parí, owó ilé ti lọ, owó oúnjẹ àti ti iléèwé ọmọ ti lọ, ₦60,000 ló ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ọjọ́ náà gan-an ni ẹni tó ń ta àwo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: Oroki Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, àwo àpàlà ọdún 1971. Páálí rẹ̀ kò ya. Ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi bírò kọ orúkọ sí igun ẹ̀yìn rẹ̀, lọ́nà ìkọ̀wé àwọn tíṣà àtijọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ti ń bèèrè rẹ̀ o. Ọgọ́ta ni mo máa gbà lọ́wọ́ yín." Oorun dá lójú rẹ̀. Ní òru, ó tún ṣí fóònù, ó fẹ fọ́tò náà lójú, ó ń wò ó bóyá nǹkan ti ha ojú àwo náà.

Ọkùnrin yìí kan náà jẹ gbèsè ₦100,000. Oṣù tí ọmọ rẹ̀ ṣàìsàn ló yá a lórí fóònù, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Gbèsè náà kì í fi fọ́tò ránṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń dù ú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí oṣù bá ti parí, yóò mú ₦10,000 rẹ̀, yóò sì dákẹ́. Bí onígbèsè bá ń san èlé nìkan, lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá yóò ti san ₦100,000, gbogbo owó tó yá á sì wà níbẹ̀ digbí. Àwọn baba wa mọ irú èyí dáadáa. Ìwọ̀fà ń roko olówó láti ọdún dé ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé, iṣẹ́ náà kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó tí wọ́n torí rẹ̀ fi í ṣe ìwọ̀fà. Èyí ni mo pè ní ẹ̀tẹ̀. Kì í dun ẹni tó ń jẹ.

Gbèsè lójọ́ tó ń pariwo ṣá. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, a rí bí wọ́n ṣe ń dógò ti onígbèsè: ológò yóò wọlé, yóò jókòó ti onílé, yóò máa pariwo, yóò sì máa yọ gbogbo agbo ilé lẹ́nu títí wọn yóò fi wá owó náà jáde. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ayánilówó orí fóònù gbòde ní Nàìjíríà, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe, àfi pé agbo ilé ti di gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù èèyàn: ọ̀gá ibi iṣẹ́, àna, ìyá ìjọ, kálukú gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni lágbájá. Ó burú débi pé FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní láti gbé ìlànà jáde lé wọn lórí ní 2022. Ẹni tó dúró de ìgbà tí gbèsè bá pariwo kó tó dá a lóhùn ti dúró pẹ́ jù.

Bó bá jẹ́ ti èlé nìkan, ìṣirò ì bá parí síbí: san èyí tí èlé rẹ̀ wúwo jù. Àwọn onímọ̀ owó ń sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òwe yìí tún gbé mi lọ síbòmíràn. Ọkùnrin wa tún jẹ ìyá aláta àdúgbò ní ₦14,000. Àwìn ni, kò ní èlé kankan. Ìyá yìí ní ìwé kékeré kan tó fi rọ́bà so, tó kì bọ abẹ́ ẹní tó fi bo àtẹ. Nínú rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wà: Ìyá Ìbejì, epo. Bàbá Onífìlà, ata àti ìrẹsì. Alága, ẹyin páálí kan. Òun kì í dógò ti ẹnikẹ́ni. Bó bá rí ọ tí o ń kọjá, yóò kí ọ, yóò bèèrè ọmọ. Ní báyìí, apẹ̀rẹ̀ ata méjì ló ń rà níbi tó ti ń ra mẹ́ta tẹ́lẹ̀, nítorí owó ìkẹta wà nínú ìwé yẹn.

Nínú ìṣirò èlé, òun ni a ó san kẹ́yìn, torí gbèsè rẹ̀ kì í dàgbà. Èmi kò gbà. Ẹ̀tẹ̀ tí gbèsè tirẹ̀ jẹ́, ara ẹlòmíràn ló wà, ìdí rèé tí àwa tí a jẹ ẹ́ kò fi mọ̀ ọ́n lára rárá. Bí mo bá mú ₦60,000 tí mo ní "owó tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ ni," irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. ₦14,000 nínú rẹ̀ jẹ́ apẹ̀rẹ̀ ata kẹta obìnrin yẹn. Ẹni tó bá fi í ra àwo orin ti fi owó olówó ṣe fáàjì, bí kò bá tilẹ̀ ní i lọ́kàn láti rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Síbẹ̀, kò dára ká fi òwe yìí na èèyàn. Kò sọ pé làpálàpá kì í ṣe àìsàn, kò sì sọ pé ká má wò ó láéláé. Ohun tó kọ̀ ni pé ká fi èyí tó le sílẹ̀. Ẹni tó yá owó ìkọ́lé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìyẹ̀, kò fi ohunkóhun sílẹ̀. Ó ń lo oògùn rẹ̀ lásìkò. Bí ó bá ra àwo kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú u. Mo ti rí àwọn tó fi gbogbo ìgbádùn du ara wọn nítorí gbèsè, tí wọn kò gbọ́ orin, tí wọn kò yọjú sóde. Ọjọ́ tí gbèsè tán, wọ́n bọ́ sí ìná àpà tó tún sọ wọ́n di onígbèsè láàárín oṣù díẹ̀. Nǹkan kékeré tó ń mú ọkàn fúyẹ́ wà lára ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn lè san gbèsè dópin.

Ti ọkùnrin ọlọ́gọ́ta ẹgbẹ̀rún yìí kò rí bẹ́ẹ̀, bó bá sì bi mí, n kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Kó san ₦14,000 fún ìyá aláta ní àṣálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà, kí owó náà lè bá a lọ ra ata. Kó kó ₦46,000 yòókù lé gbèsè orí fóònù. Gbèsè náà yóò ku ₦54,000, èlé oṣù tó ń bọ̀ yóò sì wálẹ̀ láti ₦10,000 sí ₦5,400. Kó sọ fún ẹni tó ń ta àwo pé kó tà á fún ẹni tó ń bèèrè rẹ̀, kó sì gba nọ́ńbà onítọ̀hún kó lè máa lọ gbọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, torí àwọn olólùfẹ́ àpàlà kì í lé ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Nínú ₦4,600 tó bọ́ lọ́wọ́ èlé lóṣù náà, n kò ní bá a jà bó bá yọ ₦1,000 sọ́tọ̀ fún àwo, tó sì da ìyókù lé gbèsè.