Ṣé Ẹni Tó Gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun Tún Ń Wá Afinimọ̀nà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí a bá fẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀ lọ gun Òkè Ìdànrè, àwọn kan a máa ní kí á gba ọ̀nà tó bá wù wá, pé Ọlọ́hun ni olùṣọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo Hijira ọdún 622.

Àríwá Mẹ́kà ni Mẹ̀dínà wà, síbẹ̀ gúúsù ni Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́kọ́ kọrí sí. Òun àti Abu Bakr wà nínú ihò Òkè Thaor fún òru mẹ́ta. Abdullah ọmọ Urayqit, ẹni tí wọ́n háyà, ló wá mú wọn gba ọ̀nà etí òkun. Kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ ọ̀nà, ó sì ṣeé fọkàn tán.

Ta ló gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun tó Ànábì? Nítorí náà, aṣáájú tó kọ̀ láti béèrè ọ̀nà kò fi ìgbàgbọ́ hàn. Ẹ̀mí àwọn tó ń tẹ̀ lé e ló fi ń ta tẹ́tẹ́. Ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ onílé, kí á ṣe ìwọ̀n tí agbára wa mọ, kí á wá fi ìyókù lé Ọlọ́hun lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fi wá mọ̀nà. Àmín.