Ehoro Tí A Kọ̀ Sílẹ̀

Bíbélì Kíkà: Deutarónómì 22:1-3, Òwe 12:10, Òwe 31:8

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù mẹ́ta yìí dá lórí ohun tí àwọn kan lè sọ pé ó kéré jù fún ìwàásù: ehoro ilé tí ẹni tí ó ni ín ti kọ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka Deutarónómì orí 22 yóò rí i pé Ọlọ́run kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ẹran tí ó sọnù.

Ní Ayétòrò wa níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Ayálégbé a kó kúrò, akẹ́kọ̀ọ́ a parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ra ehoro fún ọmọ rẹ̀ nígbà Kérésìmesì a sì rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju bí òun ti rò lọ. Wọn a ṣí àgò sílẹ̀, wọn a ní kí ó máa lọ sínú igbó, pé ilé rẹ̀ ni. Kì í ṣe ilé rẹ̀. Ehoro inú igbó wa àti ehoro ilé kì í ṣe ọ̀kan náà. Láti ilẹ̀ Yúróòpù ni irú èyí tí à ń sìn nílé ti wá. Ní ọjọ́ tí a bí ọmọ ehoro igbó, irun ti bò ó, ojú rẹ̀ sì ti là. Ọmọ ehoro ilé ń wá sáyé ní ìhòòhò, pẹ̀lú ojú dídì. Èyí tí a ti fi ọwọ́ bọ́ láti kékeré kò mọ bí a ti í sá fún ajá tàbí àwòdì. Ẹni tí ó jù ú sínú igbó kò dá a sílẹ̀. Ó fà á lé ikú lọ́wọ́ ni.

Kí ni kí obìnrin onígbàgbọ́ ṣe bí irú ehoro bẹ́ẹ̀ bá yà sí ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀?

Èkíní, kí ó má ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ewúrẹ́ tí ebi ń pa yóò ké títí gbogbo àdúgbò yóò fi gbọ́. Ehoro kì í sábà ké, àfi bí ẹ̀rù ikú bá bà á. Nítorí náà, àánú tí ó bá ń dúró de igbe yóò pẹ́ kí ó tó dé. Òwe orí 31 tí a fẹ́ràn láti máa kà, kí ó tó yin obìnrin oníwà rere, ó ti kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí a gba ẹnu ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀. Ènìyàn ni ẹsẹ náà ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ta ni odi tó ehoro?

Èkejì, kì í ṣe ẹran ọbẹ̀. Aládùúgbò yóò wí pé, "Màmá, Ọlọ́run ló pèsè o!" Ẹni tí ó ń sin ehoro fún jíjẹ tàbí títà kò dẹ́ṣẹ̀, iṣẹ́ tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí he kò tíì di tiwa. Òfin Mósè ní kí a mú un wá sílé, kí a pa á mọ́ títí olóhun yóò fi wá a wá. Ẹ béèrè láti ojúlé dé ojúlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n kéde rẹ̀ nínú ìjọ. Ẹni tí ó bá pa ẹran tí ó rí he tí ó sì ń dúpẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ bóyá ọpẹ́ ni ó ń dú tàbí olè ni ó jà.

Ẹ̀kẹta, kí ó tọ́jú rẹ̀. Àánú tí kò bá ní iṣẹ́ nínú, ẹnu lásán ni. Ẹ má ṣe fi etí gbé ehoro. Ẹ fi ọwọ́ kan sí abẹ́ àyà rẹ̀, ọwọ́ kejì sí abẹ́ ìdí. Ẹ gbé àgò rẹ̀ sí ibòji, kì í ṣe ibi tí páànù yóò ti máa gbóná lé e lórí, nítorí ooru a máa pa á. Kí omi mímọ́ má ṣe wọ́n níwájú rẹ̀. Eyín ehoro kì í dẹ́kun gígùn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Jíjẹ koríko ni kì í jẹ́ kí ó gùn jù. Nítorí náà, búrẹ́dì àti ẹ̀bà kọ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Koríko, ewé ọ̀dùnkún àti igbálódé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà dára fún un. Ẹ ṣọ́ ohun tí ẹ ó fún un, nítorí ehoro kò lè bì.

Bí ẹ bá ní ehoro mìíràn nílé, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún bí oṣù kan. Ó lè ní àrùn, ó sì lè lóyún. Oyún ehoro jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 31. Bí ìbí bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ ó rí i tí yóò máa fa irun ara rẹ̀ tu láti fi tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá, èwo nínú wa ni kò fa irú irun bẹ́ẹ̀ tu rí?

Àwọn kan yóò béèrè pé, "Nígbà tí ènìyàn kò yó, kí ni ti ehoro?" Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ewé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ kankan. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọdé, mo sì rí i pé ọmọ tí ó bá ń rántí omi ẹran ní òwúrọ̀ a máa rántí àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ààlà Benin kò jìnnà sí wa, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì ní ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti ọ̀hún. Bí ehoro bá yó nílé wa tí ọmọ ọlọ́mọ ń fi ebi sùn, àgàbàgebè ni wá. Bí a bá gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀ràn ro ara wa wò.

John Wesley, baba wa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti lé ní ẹni 70 ọdún nígbà tí ó kọ ìwàásù kan ní 1781 lórí Róòmù 8:19-22. Ó kọ́ni níbẹ̀ pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ni ó ń retí ìdáǹdè. Àánú Ọlọ́run kan àwọn ẹranko tí ń jìyà pẹ̀lú wa.

Ní ìparí, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Ehoro lè lo ọdún 8 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìtọ́jú bá dára. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ká a, kí ó fà á lé ẹni tí ó lè ṣe é lọ́wọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ohun tí ó burú ni kí a ṣàánú rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, kí a sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí kò gbàgbé ẹyẹ ológoṣẹ́, fún wa ní ojú tí ń rí ohun tí kò lè ké, àti ọwọ́ tí kì í rẹ̀. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.