Ìṣàrò Òwúrọ̀: Ìgbà Tó Tó Láti Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Òkè



*Bíbélì kíkà:* 1 Sámúẹ́lì 22:1-5, Diutarónómì 1:6-8. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Bí ẹ bá rí ọjọ́ kan tí iṣẹ́ ò dí yín lọ́wọ́, ẹ gba ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ lójúmọmọ. Ẹ má sùn nínú ọkọ̀ o. Bí ẹ bá ti kọjá Iléṣà, òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, igbó tútù á sì bò ó mọ́lẹ̀ bí aṣọ. Ẹ ó kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ẹ ó kọjá Ọ̀wẹnà, ẹ ó kọjá Ìgbàrà-Òkè, kí ẹ tó wọ Àkúrẹ́. Láti Àkúrẹ́, ẹ wá yà sí ọ̀nà Ìdànrè. Kò jìnnà mọ́. Kí ẹ tó rí ìlú náà dáadáa, àpáta lẹ ó kọ́kọ́ rí, àpáta ńláńlá tó dúró yí ibẹ̀ ká bí àgbà tó ń ṣọ́ ọmọ. Ẹni tí kò mọ orin kọ, tó bá rí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run yìí, á ṣáà hó yèè!

Ìlú ńlá ló wà nísàlẹ̀ òkè yìí lónìí. Ọjà wà níbẹ̀, ilé-ìwé wà níbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn wà lókè. Bí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ yín ni yóò gbé yín, nítorí ọkọ̀ ò lè gùn ún. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lẹ ó gùn. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń sáré níbẹ̀rẹ̀ á wá ibi tó máa jókòó sí.

Bí ẹ bá wá dé òkè, láàárín àwọn àpáta, ẹ ó bá abúlé kan tí kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀. Kóòtù àtijọ́ wà níbẹ̀. Ilé-ìwé àtijọ́ wà níbẹ̀. Ojú oórì àwọn tó ti lọ wà níbẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́, ẹyẹ ń ké, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí ìyá kankan tó ń dá iná oúnjẹ àárọ̀.

Kí ló gbé ènìyàn lọ kọ́lé sí irú ibẹ̀ yẹn? Ààbò ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé lórí òkè náà. Ẹ rántí ayé ogun, ayé tí wọ́n ń kó ènìyàn lẹ́rú. Ẹni tó wà lókè á ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Àpáta ni odi wọn, Ọlọ́run ló sì mọ odi yẹn, kì í ṣe bíríkìlà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojo ni wọ́n. Ẹni tó gbé ọmọ pọ̀n, tó ru ẹrù sórí, tó gun irú àpáta bẹ́ẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, akọni ni.

Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún 1933, wọ́n kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Àpáta ò wó. Ọ̀tá kankan ò lé wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ogun tí wọ́n sá fún ti parí, ohun tí wọ́n sì nílò láti fi gbé ayé tuntun, ìsàlẹ̀ ló wà. Ìsàlẹ̀ ni ọkọ̀ lè dé. Ìsàlẹ̀ ni ọjà lè gbòòrò sí. Kòkó tí gbogbo Nàìjíríà fi mọ Ìdànrè lónìí, ṣé orí àpáta ló ti ń so ni? Nínú ilẹ̀ tó lọ́ràá, nísàlẹ̀, ló ti ń so.

Ohun tí Olúwa fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí rè é: òkè tó fi wọ́n pamọ́ lọ́jọ́ ogun, òun kan náà ni ì bá há wọn mọ́ lọ́jọ́ àlàáfíà.

Ẹ wo Dáfídì nínú ibi tí a kà. Sọ́ọ̀lù ń lé e kiri, ó sì sá wọ ihò Ádúlámù. Ẹbí rẹ̀ wá bá a níbẹ̀. Àwọn onígbèsè wá, àwọn tí ayé ti sú wá, títí wọ́n fi tó nǹkan bí 400 ọkùnrin. Ọlọ́run ò bá a wí pé ó sá. Ihò yẹn gan-an ni Ọlọ́run fi tọ́jú rẹ̀. Ó tiẹ̀ ráyè mú bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọba Móábù kí ìyà má baà jẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wòlíì Gádì dé. Iṣẹ́ tó jẹ́ ò gùn rárá: kí Dáfídì má jókòó sínú ibi ààbò náà mọ́, kó máa lọ sí ilẹ̀ Júdà. Dáfídì sì dìde.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní Hórébù. Ibi mímọ́ ni òkè yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti gba òfin. Síbẹ̀, Ọlọ́run alára ló sọ fún wọn pé ìjókòó wọn níbẹ̀ ti tó, kí wọ́n ṣí, kí wọ́n lọ gba ilẹ̀ tó fi ṣe ìlérí. Ẹ ò rí i bí? Kódà ibi tí a ti pàdé Ọlọ́run, a lè pẹ́ níbẹ̀ jù.

Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ wa ló wà lórí òkè láàárọ̀ yìí.

Mo mọ ìyá kan. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, àwọn kan nínú ẹbí ọkọ wọlé, wọ́n wa ọkọ̀ lọ, wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ìyá yìí kó ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, ó lọ gba yàrá kan ní ìlú mìíràn, ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó sì tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ó ṣe dáadáa. Ibi tó sá sí yẹn làwọn ọmọ rẹ̀ ti jẹun yó, tí wọ́n sì ti kàwé. Òkè tí Ọlọ́run fún un ni.

Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rè é. Àkọ́bí rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan, tí kò sí lára àwọn tó kó ẹrù lọ́jọ́ náà, ti ń wá wọn tipẹ́. Ó rán àgbàlagbà méjì wá bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ fojú kan àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Ọmọbìnrin náà bi ìyá rẹ̀ pé, “Màámi, ta ni yóò dúró ní ipò bàbá mi lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́?” Ìyá ní, “A ò ní ẹbí kankan.” Ọmọ sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí ìyá yìí wá bá mi, mi ò bá a wí. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi bá a wí? Ohun kan ṣoṣo ni mo bi í: “Ìyá, ogun tí ẹ sá fún nígbà yẹn, ṣé ó ṣì ń jà, àbí ó ti parí tí ẹ ò tíì gbọ́?” Kò dá mi lóhùn. Ó ṣì ń gbàdúrà lé e lórí. Ẹ bá mi rántí rẹ̀ nínú àdúrà yín láàárọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Òkè tiyín lè má jẹ́ ti ẹbí ọkọ. Ọ̀rẹ́ lè ti fi owó ẹgbẹ́ àjẹmọ́nú sá lọ, látìgbà náà ẹ ò sì fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n lè ti dójú tì yín nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹ wá pinnu pé orí fóònù nìkan lẹ ó ti máa gbọ́ ìwàásù. Ó dáa, fóònù náà lẹ fi ń ka èyí, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù ò lè gbé omi wá fún yín lọ́jọ́ tí ara yín ò bá yá.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan kó yé wa dáadáa, nítorí wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ yìí pa ẹlòmíràn lára. Dáfídì sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà lọ jókòó sínú ilé Sọ́ọ̀lù, níwájú ọ̀kọ̀ tí wọ́n ti jù sí i rí. Ilẹ̀ Júdà ni Ọlọ́run rán an lọ, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń lù yín ṣì ń lù yín, tí ogun ṣì ń jà lójú méjèèjì, kò sí wòlíì Ọlọ́run tó ní kí ẹ lọ nawọ́ fún ẹgba. Ẹ dúró níbi ààbò, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ìdáríjì yàtọ̀ sí kí ènìyàn fi orí ara rẹ̀ sábẹ́ òkúta. Ẹni tí ogun rẹ̀ ti parí, tí ìbẹ̀rù nìkan ló kù, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Báwo la ṣe ń sọ̀ kalẹ̀? Ẹnikẹ́ni kì í fò láti orí Òkè Ìdànrè. Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, lórí àtẹ̀gùn ni. Ẹni tó ti gun òkè rí mọ̀ pé sísọ̀ kalẹ̀ náà ní ìrora tiẹ̀. Orúnkún á máa gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí orúnkún yín bá gbọ̀n. Ẹ fi iṣẹ́ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lónìí: “Ẹ káàárọ̀ o, ọjọ́ pẹ́.” Ìyẹn ti tó fún òní. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ wá, kódà bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lẹ ó jókòó sí. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sinmi. Ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà.

Ẹ má sì gbàgbé òkè náà. Àwọn ará Ìdànrè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pa ìlú àtijọ́ rẹ́. Títí dòní làwọn ènìyàn ń gòkè lọ wò ó. Ní 2007, Nàìjíríà tiẹ̀ fi í sára àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa gòkè lọ dúpẹ́ níbi tí Ọlọ́run ti fi yín pamọ́. Ẹ fi han àwọn ọmọ yín, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti dúpẹ́ tán, ilé ti pè yín nísàlẹ̀.

*Àdúrà:* Olúwa, a dúpẹ́ fún òkè tí o fi gbà wá là. Bí àsìkò àtidúró bá ṣì kù, fún wa ní sùúrù. Bí ogun bá ti parí, jẹ́ kí etí wa gbọ́. Di ọwọ́ wa mú lórí àtẹ̀gùn, má jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa yọ̀. Àwọn tó ń retí wa nísàlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n retí títí. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ lọ re, ẹ bọ̀ re o. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ti pẹ́ lórí òkè, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i, kí ẹ sì pè é lẹ́yìn náà. Ọjọ́ á san wá.